Ògbufọ̀ Tó Bèèrè Ìṣákọ́lẹ̀ Lọ́wọ́ Ará Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí Bàbá mi àgbà ti kú ni àwọn èèyàn ti ń wọlé wá bá wa kẹ́dùn ní Mùṣín, tí kálukú wọn sì ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ ní Bàbá kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, gbójú sókè, ó wo alàgbà náà títí, ó sì bi í pé ta ni alàgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo bá ọkùnrin náà gbé láti kékeré mọ̀ pé òkú kì í níwà burúkú lẹ́nu ẹni tó wá kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irọ́ sin Bàbá, yóò dìde láti pè wá lẹ́jọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwọ̀nyí, kí n tó gbàgbé ohùn rẹ̀.

Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù ni Bàbá títí tó fi fẹ̀yìn tì. Adájọ́ òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, ẹni tí wọ́n mú wá kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, Bàbá ló ń dúró láàárín. Ṣùgbọ́n ààrín kò gbà á. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n bi ọkùnrin kan bóyá ó jẹ̀bi, Bàbá á yíjú sí olùjẹ́jọ́, á ní: “Olúwa mi ń bèèrè pé ṣé bí ìyá rẹ ṣe tọ́ ẹ nìyí? Ojú ò tì ẹ́? Ewúrẹ́ opó! Ìwọ lo jí i àbí ìwọ kọ́?” Ọkùnrin náà á bú sẹ́kún. Adájọ́ á bèèrè ohun tó fa ẹkún, Bàbá á ní, “Ó ní òun jẹ̀bi, sà.” Wọ́n ní adájọ́ kan fura pé ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì pè é lẹ́yìn ìjókòó kọ́ọ̀tù láti bi í. Bàbá ò mikàn. Ó ní: “Egungun ọ̀rọ̀ lẹ sọ, sà. Èmi ló fi ẹran sí i.”

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé wa ló gbé kọ́ọ̀tù náà wá. Yorùbá ni gbogbo wa ń sọ nílé, síbẹ̀ Bàbá ò yéé ṣe ògbufọ̀. Bí Ìyá àgbà bá ní iyọ̀ ti tán, Bàbá á kọjú sí mi, á ní, “Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ ń sọ pé èmi kì í bójú tó ilé.” Ìyá àgbà á pariwo láti ìdí ààrò pé, “Iyọ̀ ni mo sọ o, Bàbá Káyọ̀dé!” Káyọ̀dé ni ọmọ wọn àkọ́bí, òun náà ló bí mi. Bàbá á ní òun gbọ́ iyọ̀, òun sì gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ iyọ̀. Mi ò mọ iye ìjà tó ti inú irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iyọ̀ kì í sábà wọlé lọ́jọ́ náà.

Òwe kan ló fẹ́ràn ju ìyókù lọ: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àárọ̀ ni, alẹ́ ni, ó ń pa á. Ó pa á fún ọmọ tó wá fẹjọ́ ọmọ sùn, ó pa á fún oníwàásù. Lọ́jọ́ kan tí pásítọ̀ bú Fáráò láti orí pẹpẹ bí ẹni pé ọkùnrin náà jókòó sáàárín wa, Bàbá fẹnu sí mi létí, kò sì rọra sọ ọ́. Ó ní, “A ò tíì gbọ́ tẹnu Fáráò.”

Báyìí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígbà náà, mo sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí tó ju èyí tí mo ní lọ. Mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó bọ́ sí àkókò tí mo ráyè ni ti ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́: ìwàásù wọn, ewì wọn, ìtàn ìgbésí ayé wọn, àti àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi dé etíkun ibẹ̀. Ohun tí ọmọ Mùṣín fẹ́ fi ṣe, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. A ṣáà ń kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ nípa yìnyín tí a ò rí rí. Ọ̀dọ́bìnrin ará Amẹ́ríkà kan ló ń kọ́ wa, Mísì là ń pè é, ó sì gbà tọkàntọkàn pé a nílò rẹ̀.

Bàbá ní ọmọ obìnrin ilé òun kò ní dá rìn lọ sí Yábàá nírọ̀lẹ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀lé mi. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó jókòó síwájú kíláàsì, tó ń bá Mísì ṣe ògbufọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju òun alára lọ. Mísì rò pé àṣà wa ni, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ojú ẹlẹ́rìí ni Bàbá fi ń wo gbogbo òǹkọ̀wé wọ̀nyẹn. Mísì sọ fún wa pé àwọn onísìn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ fòfin de ijó, wọ́n fòfin de eré, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe Kérésìmesì. Bàbá, tó jẹ́ pé ìrẹsì Kérésì ló mú un dúró nínú ẹ̀sìn, dìde. Ó bèèrè ohun tí wọ́n sá fún nílùú wọn kí wọ́n tó wá. Mísì ní ìnira ni, ọba ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Bàbá ronú díẹ̀, ó ní: “Ó yé mi. Wọ́n wá ibi tí àwọn náà ti lè ni ẹlòmíràn lára.”

Ó bínú sí àwọn tó ń tẹ òwe sínú ìwé kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún. Ó ní lọ́dọ̀ wa, ọmọdé tó bá pa òwe lójú àgbà ní láti tọrọ gáfárà, àwọn yìí ń gbowó lórí ẹ̀. Ó tún bínú sí ọkùnrin kan tó fi odindi ìwé yin ara rẹ̀, bó ṣe gbọ́n tó, bó ṣe ṣiṣẹ́ tó, bó ṣe dára fún ọmọnìkejì. Nígbà tó délé, ó ròyìn ọkùnrin náà fún Ìyá àgbà, ó ń gbọ̀n fún ìbínú. Ìyá àgbà, tí kò tẹsẹ̀ bọ kọ́lẹ́ẹ̀jì rí, ń to aṣọ títà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní: “Kí ló ń bí yín nínú, Bàbá Káyọ̀dé? Ṣé ó gba iṣẹ́ yín ṣe ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Àárò àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń jókòó bára wọn jà nírọ̀lẹ́ ń sọ mí gidigidi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wọ Bàbá lára jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, àlejò ni ní Mùṣín. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ló dé, onílẹ̀ ibẹ̀, bàbá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràímì, ló sì yọ ilẹ̀ fún un láti kọ́lé. Kò tà á fún un o. Ó ní kó máa gbé ibẹ̀ tọmọtọmọ, kó sì máa gbé iṣu, obì àti epo wá fún ẹbí òun lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó nilẹ̀. Ìyẹn ni à ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá ń gbé e lọ tẹ̀rín-tọ̀yàyà títí bàbá Ràímì fi kú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ràímì ló di olórí ẹbí, káfíńtà ni, Bàbá sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ ò gbà á kí òun gbé iṣu lọ bá ọmọ àná. Iṣu dúró. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún aráyé pé òun ló nilẹ̀.

Ó wá fẹ́ kọ́ yàrá mìíràn sẹ́yìnkùlé láti fi gba ayálégbé. Ràímì ránṣẹ́ sí i pé kó kọ́kọ́ wá fi tó ẹbí létí. Bàbá ní kí ìránṣẹ́ padà lọ bèèrè pé ta ni ń jẹ́ Ràímì. Ràímì gba kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá òun padà fún òun.

Ọ̀rọ̀ náà le. Àlejò tó bá ń gbé ìṣákọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá sẹ́ onílẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ẹrù rẹ̀ síta. Bí Ràímì bá jàre, ilé wa lọ nìyẹn, ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí, tí Ìyá àgbà ti ń tajà lójúde rẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ títí. “Ẹ lọ bá ọmọ yẹn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. A ti dàgbà kọjá ká máa wálé kiri.” Bàbá ní: “Èmi? Kí n bẹ ọmọ tí mo ra bàtà àkọ́kọ́ fún?”

Ká sọ tòótọ́, inú rẹ̀ dùn sí ẹjọ́ náà. Wọn kì í gba lọ́yà láyè ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, kálukú ló ń fẹnu ara rẹ̀ rojọ́, gbogbo ayé rẹ̀ ló sì ti fi ń gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn. Láràárọ̀, á gbé agbádá kọ́rùn, á dúró sí pálọ̀, á máa rojọ́ fún àga: “Olúwa mi, nígbà tí mo dé ibẹ̀, igbó ni mo bá. Ọ̀bọ ló ń gbé ibẹ̀. Àdá mi ló sọ ọ́ di ilé.” Á padà sẹ́yìn, á tún un sọ, á gbé ohùn sókè níbi ọ̀bọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí, títí kan àwọn ará ilé kejì.

Àsìkò yẹn gan-an ni Mísì ń sọ fún wa nípa bí àwọn òyìnbó náà ṣe dé nígbà òtútù, tí ebi ń pa wọ́n kú lọ, tí àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ sì fi àgbàdo gbà wọ́n là, tí wọ́n kọ́ wọn bí wọn ó ṣe gbìn ín. Mísì pe àwọn èèyàn náà ní Íńdíà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ní onílẹ̀ lorúkọ wọn. Ó nawọ́ sókè.

“Mísì, nígbà tí àwọn àlejò yìí kórè, ìṣákọ́lẹ̀ wo ni wọ́n gbé lọ fún onílẹ̀?”

Mísì ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì fi ẹran sí i dáadáa. Nígbà tó yé Mísì, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní wọ́n se àsè, wọ́n sì pe àwọn èèyàn náà wá bá wọn jẹun.

“Kí ni wọ́n sè?”

“Ẹran ìgbẹ́, àti àgbàdo.”

“Àgbàdo tí àwọn onílẹ̀ fún wọn gbìn?”

Mísì ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá yíjú sí gbogbo kíláàsì bí ẹni tí ẹlẹ́rìí ti kó sọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ o. Wọ́n fi àgbàdo onílẹ̀ ṣe onílẹ̀ lálejò.”

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, gbogbo ìwé tí a kà di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Kódà nígbà ìdánwò, tó jẹ́ pé ìparí ọdún ni, Bàbá tí kò forúkọ sílẹ̀ wá jókòó pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì rẹ̀, Mísì sì fún un ní ìwé. Wọ́n bèèrè nípa ewì ikú, wọ́n bèèrè nípa ìwàásù. Ohun tí Bàbá kọ lábẹ́ gbogbo wọn ni pé òǹkọ̀wé náà ò tíì san ìṣákọ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ san án ná. Mísì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ò tíì ka ìdáhùn tó dùn tó báyìí rí, àti pé kò dáhùn ìbéèrè kankan. Ó gbòdo. Bàbá ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yá.

Àmọ́ kí ìdánwò tó dé ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ẹjọ́ Ràímì wáyé. Mísì ka ibì kan fún wa níbi tí òyìnbó kan nínú àwọn tó dé yẹn ti ń ròyìn ilẹ̀ náà. Ọkùnrin náà ní aginjù lásán ni àwọn bá, ẹranko nìkan ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ náà kò ní olúwa, àwọn ni àwọn sọ ọ́ di ìlú. Bàbá fò dìde, ọ̀pá rẹ̀ ṣubú.

“Ẹlẹ́rìí èké! Ta ló gbin àgbàdo tí ìwọ fẹnu ara rẹ jẹ? Ta ló fún ọ ní irúgbìn? O jẹ tán, o nu ẹnu nù, o ní o ò bá ẹnì kankan níbẹ̀!”

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mi ò gbé ohùn sókè, Yorùbá ni mo sì fi sọ ọ́: “Igbó ni mo bá. Ọ̀bọ ló ń gbé ibẹ̀.”

Bàbá wò mí. Ó jókòó. Mísì tẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi Bàbá pé kí ni mo sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin náà, ìgbà yẹn nìkan ló kọ̀ láti ṣe ògbufọ̀.

A fẹsẹ̀ rìn dé Jíbówú, a wọ bọ́lẹ́kájà, ó kọjú síta. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé kíláàsì ti tán fún mi nìyẹn, pé yóò ní kí n má lọ mọ́. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Mùṣín, tí a ń rí iná ilé wa lọ́ọ̀ọ́kán, ló tó dúró. Ó ní: “Àbẹ̀kẹ́, ọ̀bọ kì í sun àgbàdo.” Ohun tó ní lọ́kàn ò yé mi, mi ò sì láyà láti bèèrè.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, kọ́ọ̀tù kún. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bọ lójú fèrèsé ló wá gbọ́ ọ lójú adájọ́. Ràímì rojọ́ tirẹ̀, kò gùn. Wọ́n wá pe Bàbá. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe, ó wúkọ́ bí ará kọ́ọ̀tù. Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú.

“Olúwa mi, nígbà tí mo dé ibẹ̀...” A rò pé ó ti gbàgbé. “Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àgbàdo ni mo bá. Oko ni ilẹ̀ náà. Ebi ń pa mí. Ìyá ọmọ tó dúró níbẹ̀ yẹn ló ya àgbàdo, ó sun ún fún mi jẹ. Bàbá rẹ̀ ló yọ ilẹ̀ fún mi. Mo jẹ tán, mo nu ẹnu nù.”

Alága kọ́ọ̀tù, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, tẹ̀ síwájú. “Bàbá Ògbufọ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yìí? Ẹ ti sẹ́ onílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá jẹ́wọ́ níwájú wa. A lè gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́ lórí èyí.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Inú kọ́ọ̀tù ni mo dàgbà sí.”

Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Ràímì, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ariwo ta. Ta ni fẹ́ kí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún òun, kí ó má lọ di èpè? Ràímì pariwo, “Háà, Bàbá, ẹ má pa mí!” ni òun náà bá dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níwájú Bàbá. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, orí kan orí. Ràímì ò lè dìde kí àgbà tó dìde, Bàbá sì ní òun ò dìde kí onílẹ̀ tó dìde. Àwọn ọlọ́pàá kọ́ọ̀tù ò mọ ẹni tí wọn ó gbé. Ìyá àgbà ló dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn: “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde jàre. Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń jà sí kọ́ nìyẹn!”

Ẹ̀rín ló parí ẹjọ́ náà. Ràímì sọ fún alága pé òun ò fẹ́ ilé, òun ò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni. “Iṣu yẹn ni mo ń retí, sà. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi kó tó kú pé Bàbá Ògbufọ̀ kì í ṣàìgbé e wá.” Alága ní kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé.

Ẹ má rò pé Bàbá yí padà di onírẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ náà ló tún wá fi ń gbéra ga. Bí ìgbà ìṣákọ́lẹ̀ bá tó, ọ̀sán gangan ló ń gbéra, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà níta. Á wọ agbádá tó dára jù, á kó àwọn tó ru iṣu síwájú, á gba ọ̀nà tó jìn, á máa kí tọ̀tún-tòsì: “Ìṣákọ́lẹ̀ ni mo ń gbé lọ o! Àlejò tó mọ ara rẹ̀ ni mí!” Ràímì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìtìjú ń bá òun. Bàbá dá a lóhùn pé: “Ìrẹ̀lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí, ta ló fẹ́ jẹ́rìí sí i?”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Ó sì ti sọ fún Ìyá àgbà pé ẹ̀yìnkùlé ni kí á sin òun sí, níbi tó ti fẹ́ kọ́ yàrá nígbà kan. Ọ̀rọ̀ yẹn kó ìpayà bá wa. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ tí o bá sin bàbá rẹ sí ti di tìrẹ, ọwọ́ onílẹ̀ ló sì kù sí láti fi í sílẹ̀ tàbí láti kọ̀. Bàbá tó bí mi gbé iṣu, mo tẹ̀lé e, a lọ bá Ràímì níbi tó ti ń fá pákó. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé, ó tún yára sọ pé bí kò bá ṣeé ṣe, a ti bá ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ nípa ààyè ní itẹ́ òkú wọn.

Ràímì dá iṣẹ́ dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, eruku pákó sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ní: “Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá Ògbufọ̀ fi parọ́ pé òun ló nilẹ̀ yẹn. Ẹ lọ gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó di òótọ́.”